Omi Mímu àti Omi Ìdọ̀tí: Ìlànà Páìpù Inú Ilé àti Èdè tí a fi ń Sọ ọ́ ní Alajue, Ẹdẹ

Ilé tí mo ń gbé ní Alajue, nílùú Ẹdẹ, ní kànga lẹ́yìnkùlé, ó sì ní sọ́kàwéè lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi kànga náà a máa mọ́ gaara, kì í sì í ní òórùn kankan. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ wọ oṣù Kẹsàn-án, omi a gòkè súnmọ́ ẹnu kànga, ẹni tó bá sì gbé e sẹ́nu yóò mọ̀ pé nǹkan kan ti yí padà. Ìyá Onílé gbà pé ewé tó já sínú kànga ló ń jẹrà. Ní ọjọ́ Sátidé kan, mo mú téèpù tí àwọn bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀, mo wọn àárín ẹnu kànga àti etí sọ́kàwéè. Mítà 9 ni. Kò sẹ́ni tó ṣe é láti pa ẹnikẹ́ni lára. Ibi tí àyè wà ni bíríkìlà gbẹ́ ẹ sí, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ní ìwọ̀n.

Ìwọ̀n wà, ó sì wà nínú ìwé. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ ṣe ni láti ṣàlàyé ní èdè Yorùbá ohun tí àwọn ìlànà nípa omi inú ilé ń béèrè, àti ìdí tí wọ́n fi ń béèrè rẹ̀. Èrò wa ni pé gbogbo ìlànà wọ̀nyí, bó ti wù kí wọ́n pọ̀ tó, orí òfin kan ṣoṣo ni wọ́n dúró lé: omi mímu lè ṣàn lọ bá omi ìdọ̀tí, ṣùgbọ́n omi ìdọ̀tí kò gbọdọ̀ rí ọ̀nà kankan padà sọ́dọ̀ omi mímu. Òfin yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá rárá. Àwọn ìyá wa ti ń pa á mọ́ nídìí àmù kí páìpù tó dé. Ohun tó sọnù ni ọ̀nà tí a ó fi gbé e láti ìdí àmù wọ inú ògiri.

Òfin ìdí àmù

Ẹ jẹ́ kí a wo àmù dáadáa. Ìkòkò amọ̀ ńlá ni, tí a máa ń gbé kalẹ̀ ní igun ilé tí oòrùn kì í dé, kí omi inú rẹ̀ lè tutù. Ó ní ọmọrí. Lórí ọmọrí náà ni ahá tàbí ife ìbùmi máa ń wà, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ife yìí sì ń ṣe: òun nìkan ló ń wọ inú àmù. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í fi ife tó kan ẹnu rẹ̀ bu omi. Yóò fi ife ìbùmi bù ú, yóò sì dà á láti òkè sínú ife tirẹ̀, láìjẹ́ kí ife méjèèjì kanra. Ọmọ tó bá ki ọwọ́ bọ àmù yóò gba ìgbátí. Bí a bá bi ìyá náà léèrè ìdí rẹ̀, ó lè ní èèwọ̀ ni, ó lè ní ìwà ọ̀bùn ni. Bó ti wù kó pè é, ohun tó ń dáàbò bò ni àlàfo kékeré tó wà láàárín omi tí gbogbo ilé yóò mu àti ohun tí ẹnu ẹnì kan ti kàn. (Àwọn olùsìn Erinlẹ̀, ẹni tó ni odò tí Ẹdẹ ń mu, ń tọ́jú ọta odò àti omi rẹ̀ sínú ìkòkò ọlọ́mọrí. N kò sọ pé ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó hàn pé omi tó níyì lójú Yorùbá ni omi tí a dé.)

Ní ayé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn òmìnira, àwọn wolé-wolé a máa wọ agbo ilé kiri. Wọ́n á ṣí àmù láti wò ó bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀. Wọ́n á wo ṣáláńgá, wọ́n á wo gọ́tà. Àwọn ènìyàn bẹ̀rù wọn, ẹlòmíràn sì ń wá ọ̀nà láti fún wọn lówó ẹ̀yìn. N kò ní sọ pé ayé dára jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí orúkọ wọn. Àwọn ará ilé ló sọ wọ́n ní orúkọ yẹn nítorí pé wọ́n ń rí ohun tí wọ́n ń ṣe. Èdè Yorùbá ni òṣìṣẹ́ náà fi ń bá ìyá àgbà wí, ìyá àgbà sì mọ ohun tó gbọ́dọ̀ tún ṣe kó tó padà wá.

Nígbà tí omi wọ inú ògiri

Láàárín àwọn ọdún 1950, nígbà tí Tìmì Adétóyèṣe Láoyè Kìíní wà lórí ìtẹ́, ni wọ́n dí odò Erinlẹ̀ lẹ́bàá Ẹdẹ láti fi pèsè omi ẹ̀rọ. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n parí ìdídò mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ lórí odò kan náà, láti máa fún Ẹdẹ, Òṣogbo àti àwọn ìlú mìíràn lómi. Omi tí àwọn ọmọge ń rù lórí tẹ́lẹ̀ di ohun tí ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá.

Àmù ṣeé ṣí wò. Páìpù kò ṣeé ṣí wò. Lónìí, ọ̀pọ̀ ilé tuntun ní Alajue kò dúró de omi ẹ̀rọ ìjọba mọ́. Onílé a gbẹ́ kànga tàbí bóhóòlù, a ra ẹ̀rọ tí ń fa omi, a gbé tánkì ka orí òpó, a sì fi páìpù gba inú ògiri lọ sí ilé ìdáná, balùwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀, onílé kọ̀ọ̀kan ti di iléeṣẹ́ omi fúnra rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà.

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí irú onílé bẹ́ẹ̀ mọ̀ ni pé páìpù kò mọ iwájú yàtọ̀ sí ẹ̀yìn. Ibi tí agbára bá ń ti omi sí ni omi ń lọ. Níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà nínú tánkì òkè, ìwúwo rẹ̀ ń ti omi jáde ní gbogbo ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀, ohun gbogbo sì ń lọ bó ti yẹ. Ẹ wá jẹ́ kí a rò ó pé tánkì gbẹ nítorí pé iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ti lọ láti àná. Ní àjà òkè, ẹnì kan ti so rọ́bà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ, ó ṣí ẹ̀rọ náà sílẹ̀ de omi, orí rọ́bà kejì sì rì sínú ike tí wọ́n rẹ ìlédìí ọmọ sí. Nísàlẹ̀, ẹlòmíràn ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná láti fi gbọ́ bóyá omi ti dé. Ìwọ̀nba omi tó kù nínú páìpù yóò ṣàn jáde nísàlẹ̀, bó sì ti ń ṣàn ni yóò máa fa ohun tó wà lókè mọ́ra, gẹ́gẹ́ bí ọmọdé ṣe ń fa mínírà láti inú ìgò. Omi ìlédìí ti wọ inú páìpù nìyẹn. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ yóò ní, “Omi ti dé o.”

Ìpadàsẹ́yìn omi ni a lè pe èyí, ó sì ti pa ènìyàn. Ní ìlú Chicago lọ́dún 1933, nígbà tí àwọn èrò ń wọ́ lọ síbi ìpàtẹ ńlá kan, ìgbẹ́ ọ̀rìn tí kòkòrò amíbà ń fà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó sùn sí ilé ìtura méjì. Ènìyàn 98 kú. Àwọn tó wádìí ọ̀rọ̀ náà rí i pé nínú àwọn ilé gíga, ẹlẹ́wà wọ̀nyẹn, páìpù omi ìdọ̀tí àti ti omi mímu ti rí ọ̀nà pàdé ara wọn. Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn òfin páìpù ilẹ̀ Amẹ́ríkà le sí i.

Oògùn rẹ̀ kò náni lówó rárá. Ẹnu ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ rì sínú omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ẹnu ẹ̀rọ àti etí agbada ìfọwọ́ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ìbú ẹnu ẹ̀rọ náà, ó kéré tán; bí ìbú ẹnu ẹ̀rọ bá jẹ́ mílímítà 15, kí àlàfo tó 30. Omi kò lè fo afẹ́fẹ́ padà sókè. Bákan náà ni páìpù tó ń da omi sínú tánkì: ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè ibi tí omi lè kún dé, kó máa dà á láti òkè bí ìyá wa ṣe ń da omi láti inú ife ìbùmi sínú ife mìíràn. Ẹni tó bá ti lóye ife méjì ìdí àmù ti lóye òfin yìí.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ọdún 1999 lórí páìpù àti ohun èlò omi pín omi sí ìpele márùn-ún. Ìpele kìíní ni omi mímu. Ìpele karùn-ún ni èyí tí ìgbẹ́ tàbí ohun mìíràn tó lè ṣekú pani wà nínú rẹ̀. Bí ìpele bá ṣe ń ga sí i ni ìdènà ṣe gbọ́dọ̀ máa lágbára sí i. Fáàfù tí ń jẹ́ kí omi lọ síwájú tí kì í jẹ́ kó padà, tí mo fẹ́ máa pè ní ilẹ̀kùn ọlọ́nà-kan, tó fún ewu kékeré. Ṣùgbọ́n irin lè dógùn-ún, rọ́bà inú rẹ̀ lè gbó, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi gbẹ́kẹ̀ lé e níbi tí ìgbẹ́ bá wà. Afẹ́fẹ́ kì í gbó.

Ọrùn pẹ́pẹ́yẹ àti imú

Omi kọ́ nìkan ló ní ọ̀nà tó lè gbà padà. Òórùn àti kòkòrò àìfojúrí tó wà nínú páìpù ìdọ̀tí náà lè gòkè wọlé. Ohun tó ń dá wọn dúró ni páìpù tó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ lábẹ́ agbada ìfọwọ́ àti nínú àga ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí àwọn púlọ́ńbà ń pè ní tírápù. Díẹ̀ nínú omi tí a dà kẹ́yìn a máa dúró síbi tó tẹ̀ náà, omi yìí ni ìdérí. Ohun tí a sábà máa ń béèrè ni pé kí ó jìn tó mílímítà 50. Ẹ wo bó ti jọ ọmọrí àmù: omi ni wọ́n fi dé e dípò amọ̀.

Bí omi ìdérí yìí bá gbẹ, ilẹ̀kùn ti ṣí. Ní Amoy Gardens, àwọn ilé alájà púpọ̀ kan ní Hong Kong, àrùn SARS mú ènìyàn tó lé ní 300 lọ́dún 2003. Ìwádìí ìjọba ibẹ̀ tọ́ka sí ihò omi tó wà nílẹ̀ balùwẹ̀: àwọn ará ilé kì í da omi síbẹ̀ mọ́, omi ọrùn pẹ́pẹ́yẹ gbẹ, fáànù balùwẹ̀ sì ń fa afẹ́fẹ́ páìpù ìdọ̀tí wọlé. Ife omi kan lọ́sẹ̀ kan ì bá ti dí ọ̀nà náà. Mo ti wọ ilé mélòó kan ní Ẹdẹ tí òórùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn kì í lọ, tí wọ́n ń fi ìsáàlì fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́, tó sì jẹ́ pé ihò ilẹ̀ ló gbẹ.

Ohun mìíràn tún lè kó omi ìdérí lọ. Bí omi púpọ̀ bá sáré gba inú páìpù kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, yóò fa omi ọrùn pẹ́pẹ́yẹ mọ́ra. Nítorí náà ni a ṣe ń fi páìpù kan yọrí sókè òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Púlọ́ńbà tó ń ṣiṣẹ́ nílé wa ń pè é ní fẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n nígbà tí Ìyá Onílé bi í pé kí ni páìpù tí kò gbé omi wà fún, ó dá a lóhùn pé, “Màmá, imú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìyẹn. Bí ẹ bá dí i, kò ní lè mí.” Mo ti ka àlàyé fẹ́ǹtì nínú ìwé púpọ̀, n kò tíì rí èyí tó ṣe kedere tó bẹ́ẹ̀.

Kànga, àpáta àti òjò

Ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìnkùlé. Òṣùwọ̀n tí àwọn àjọ tí ń rí sí ìmọ́tótó káàkiri àgbáyé sábà ń lò ni pé kí mítà 30 wà láàárín ibi tí ìgbẹ́ ń lọ àti kànga, àti pé kí ìsàlẹ̀ kòtò ìgbẹ́ fi mítà kan ààbọ̀ ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ gòkè dé lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti gbọ́ nípa ti àkọ́kọ́. Èkejì ni wọn kì í sọ, òun gan-an ló sì kan Ẹdẹ jù.

Orí àpáta àtayébáyé ni agbègbè Ọ̀ṣun wà. Erùpẹ̀ àti òkúta jíjẹrà ló bo àpáta náà mọ́lẹ̀, inú ìpele yìí ni omi kànga wa ń gbé. Kò jìn púpọ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a lọ sílẹ̀, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lábẹ́ sọ́kàwéè a sì nípọn tó láti sẹ́ ìdọ̀tí kó tó dé ìsàlẹ̀. Nígbà òjò, omi abẹ́ ilẹ̀ a gòkè pàdé ìdí sọ́kàwéè, kò sì ní sí asẹ́ kankan mọ́. Níbi tí àpáta bá ti sán, ìdọ̀tí a gba ojú ibẹ̀ sáré. Ìdí nìyẹn tí omi ilé wa fi ń mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó sì ń yí padà lóṣù Kẹsàn-án. Ewé kọ́.

Ìtàn John Snow, dókítà ará Lọ́ńdọ̀nù, kò jìnnà sí èyí. Ní 1854, àrùn onígbá-méjì pa ènìyàn tó lé ní 600 ládùúgbò kan níbẹ̀. Snow tọ́pa rẹ̀ dé ìdí kànga ẹlẹ́rọ kan ní òpópónà Broad, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n hú ilẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n rí kòtò ìgbẹ́ kan tó ń jò, tí kò tó mítà kan sí kànga. Omi kànga yẹn mọ́ lójú, àwọn kan tilẹ̀ fẹ́ràn ìtọ́wò rẹ̀ ju ti ibòmíràn lọ. Nítorí náà ni òṣùwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà, NIS 554, kò fi dúró lórí àwọ̀ àti òórùn nìkan. Ó ní kò gbọdọ̀ sí ẹyọ kan nínú kòkòrò E. coli, tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kàn án, nínú mìlílítà 100 omi. Òṣùwọ̀n kan náà fi òjé sí 0.01 mìlígíráàmù nínú lítà kan. Òjé tí àwọn olórìṣà ń fi ṣe ẹ̀gbà ọwọ́ kò léwu tó èyí tí a fi jó páìpù pọ̀ tí ọmọdé sì ń mu.

Níbi tí ilẹ̀ kò bá ti gba mítà 30, ó ṣì ku ohun tí a lè ṣe. Kí a fi kankéré bo ẹ̀yìn rìǹgì kànga láti òkè lọ sílẹ̀ dé mítà mẹ́ta, kí omi orí ilẹ̀ má bàa rí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọ̀. Kí a gbé ẹnu rẹ̀ ga, kí a ṣe pèpéle tó dà sí ìta yí i ká, kí a sì dé e. Omi mímu gbọ́dọ̀ hó lórí iná. Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó lè rọ́pò àyè láàárín kànga àti ìgbẹ́.

Ìwé òfin àti ẹnu púlọ́ńbà

Nàìjíríà ní Ìwé Ìlànà Ilé Kíkọ́ ti Orílẹ̀-èdè láti ọdún 2006, ìlànà fún gbígbẹ́ kànga àti bóhóòlù sì jáde ní 2010. Ṣùgbọ́n ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti dá a pé ọ̀rọ̀ ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ìwé Àbújá kò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ Alajue. Ìpínlẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dòfin tirẹ̀. Àwọn amòfin ti sọ púpọ̀ lórí èyí. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ẹnu ọ̀gá ni púlọ́ńbà àti bíríkìlà wa ti kọ́ṣẹ́, ní èdè Yorùbá.

Iṣẹ́ tiwa ni èyí, àwa tí ń kọ́ni ní èdè. A ti dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún físíìsì àti ìṣirò. A kò tíì dá a sílẹ̀ fún ohun tó wà lábẹ́ agbada ìfọwọ́. Mo dábàá àlàfo ife méjì, ọrùn pẹ́pẹ́yẹ, imú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ilẹ̀kùn ọlọ́nà-kan. Bí ẹlòmíràn bá ní èyí tó dára jù, kó mú un wá. Ohun tí n kò fẹ́ ni kí a jókòó sínú ọ́fíìsì, kí a fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àpètúnpè hun orúkọ gígùn tí púlọ́ńbà kankan kò ní pè láéláé. Ó ti ní àwọn ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ lọ gbọ́ ọ.

Nígbà tí mo ṣàlàyé mítà 9 náà fún Ìyá Onílé, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, ṣé kí n wá wó ilé ni?” Kò sí ibi tí a lè gbé sọ́kàwéè lọ. Púlọ́ńbà gé páìpù tó rì sínú tánkì, ó gbé ẹnu rẹ̀ sókè. Ní ti omi kànga, ìfọṣọ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nìkan ni a ń lò ó fún. A ń pọn omi mímu láti ibòmíràn, ó sì ń náni lówó. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé tuntun lórí ilẹ̀ tó wà ní ìhà kejì ògiri wa. Ìyá Onílé dúró létí ògiri, ó pe bíríkìlà wọn, ó béèrè ibi tí sọ́kàwéè yóò wà. Lẹ́yìn náà ló rán ọmọ sí mi pé kí n mú téèpù wá.